Calculus AB, BC tàbí Statistics: èwo ni kí ọmọ wa mú ní kíláàsì 12?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni à ń gbé. Ọmọ mi obìnrin wà ní kíláàsì 11, Precalculus, ìṣirò tó ṣáájú Calculus, ló ń ṣe lọ́wọ́. B ló ń gbà, nígbà mìíràn B tó fẹ́ẹ̀ di C. Ilé ẹ̀kọ́ ti fún wọn ní fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì kíláàsì 12, a sì gbọ́dọ̀ dá a padà kí oṣù yìí tó parí. AP Calculus AB wà níbẹ̀, AP Calculus BC wà níbẹ̀, AP Statistics náà wà, pẹ̀lú dual credit ti Houston Community College (HCC), ìyẹn kọ́ọ̀sì kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ọmọ ń ṣe láti háì sukúù. Bàbá rẹ̀ ṣe Further Maths ní Nàìjíríà, ẹnjiníà ni, ó ní BC ni, kò sí òmíràn. Kánsẹ́lọ̀ ní Statistics. Ọmọ ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ ṣe, àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá ó tún ní bóyá biomedical engineering. Kí ni kí a kọ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi ná, kí n tó ṣàlàyé. Tó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, mi ò ní kọ BC. AB ni n óò kọ, bí ó bá yege nínú ìdánwò kékeré kan tí mo kọ sísàlẹ̀, tí ẹ lè ṣe fún un lórí tábìlì oúnjẹ nílé. Bí kò bá yege, tí kò sì ṣe tán láti fi ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn tún ibi tó kù díẹ̀ káàtó ṣe, Statistics ni, ojú kò sì gbọdọ̀ ti ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀.

Ó ti di ọdún 19 tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ háì sukúù ní ìṣirò ní Texas níbí, ohun kan náà ni mo sì ń rí lọ́dọọdún: kì í ṣe Calculus ló ń gbé ọmọ ṣubú nínú kíláàsì Calculus. Áljẹ́brà ni. Ọmọ á lóye ohun tuntun tí mo kọ́ ọ, á ṣe ìlà àkọ́kọ́ dáadáa, ìlà kejì náà á dára, ìgbà tó bá wá ku kí ó tún ìdá kan ṣe tàbí kí ó yọ x jáde, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ á ti dàrú. Á wá wò mí, á ní òun ò mọ Calculus. Ó mọ̀ ọ́n. Ohun tí kò mọ̀ ni èyí tí wọ́n kọ́ ọ ní kíláàsì 9 àti 10, tó há sórí fi yege ìdánwò rẹ̀, tó sì gbàgbé.

Àwọn kọ́ọ̀sì yìí ńkọ́? AP jẹ́ ètò College Board. Ilé ẹ̀kọ́ á kọ́ ọmọ ní ohun tí àwọn ọmọ ọdún kìíní ń kọ́ ní yunifásítì, á wá ṣe ìdánwò kan lóṣù Karùn-ún tí gbogbo Amẹ́ríkà jọ ń ṣe, máàkì rẹ̀ á sì wà láàárín 1 sí 5. Bàbá rẹ̀ yóò rántí àwọn tó máa ń ṣe A-level nílé láti fi wọ 200 level. Ó jọ ọ́ díẹ̀, àmọ́ níbí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ló dá dúró, krẹ́díìtì kọ́ọ̀sì yẹn nìkan ni ó sì lè mú wá, ìyẹn ni pé yunifásítì á kà á sí pé ó ti ṣe é.

AB àti BC, Calculus kan náà ni. Ẹ wo ọkọ̀ yín lórí I-10. Ohun kan wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń sọ bí ẹ ṣe ń sáré tó, òmíràn wà tó ń ka máìlì tí ẹ ti rìn. Bí mo bá mọ iye máìlì tí ẹ ti rìn ní gbogbo ìgbà, ṣé mo lè sọ eré tí ẹ ń sá ní aago mẹ́jọ géérégé? Bí mo bá sì mọ eré tí ẹ ń sá láti ilé títí dé ibi iṣẹ́, ṣé mo lè sọ bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó? Ìbéèrè méjì yìí àti okùn tó so wọ́n pọ̀ ni AB. BC á ṣe gbogbo ìyẹn, á fi àwọn ọ̀nà tó le sí i kún un fún ìbéèrè kejì, lẹ́yìn náà ni á kó series dé.

Series, ìyẹn àròpọ̀ nọ́ńbà tí kò lópin, ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń sá fún. Ẹ jẹ ìdajì búrẹ́dì kan, ẹ jẹ ìdajì èyí tó kù, ẹ tún jẹ ìdajì èyí tó ṣẹ́ kù, kí ẹ máa bá a lọ láìdúró: ẹ ò ní jẹ ju búrẹ́dì kan lọ láé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú ìdajì búrẹ́dì, ẹ fi ìdámẹ́ta kún un, ẹ fi ìdámẹ́rin kún un, ẹ fi ìdámárùn-ún kún un, tí ẹ ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, kò sí òkìtì búrẹ́dì tí kò ní ga jù bó pẹ́ bó yá, bó ti wù kó ga tó. Méjèèjì ń kó ohun tó ń kéré sí i jọ. Ọ̀kan dúró, èkejì kò dúró. Báwo la ṣe ń mọ̀ èyí tó máa dúró? Nínú gbogbo ohun tí mo ń kọ́ni, ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù, mo sì fẹ́ kí gbogbo ọmọ rí i lọ́jọ́ kan. Àmọ́ ó fẹ́ ọkàn tó balẹ̀. Olùkọ́ BC kò ní àyè láti dúró de ẹni tó ṣì ń wá ibi tí àmì ìyọkúrò rẹ̀ sọnù sí, nítorí ó gbọ́dọ̀ parí iṣẹ́ tí yunifásítì máa ń pín sí Calculus I àti Calculus II kí oṣù Karùn-ún tó dé. AB, Calculus I ni ó sábà máa ń dúró fún ní tirẹ̀.

Ẹ lè gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí mìíràn pé ó rọrùn láti gba 5 nínú BC ju AB lọ. Òótọ́ ni pé lẹ́nu ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ó lé ní 40 nínú 100 ọmọ tó ṣe BC tó gba 5, nígbà tí ti AB ń lọ bí 20. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín jẹ. Àwọn ọmọ tí áljẹ́brà ti wọ̀ lára ló ń lọ jókòó sínú BC. Àwọn ni wọ́n gbé iye yẹn sókè, kì í ṣe pé ìdánwò náà rọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ mọ ìtàn Jaime Escalante, ará Bòlífíà tó kọ́ni ní Garfield High School ní East Los Angeles. Ní 1982, 18 nínú àwọn ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ tálákà ni ọ̀pọ̀ wọn, yege nínú AP Calculus. Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò náà fura sí wọn, wọ́n ní kí 14 tún un ṣe. Àwọn 12 tún un ṣe, gbogbo wọn ló sì tún yege. Apá yìí ni gbogbo ayé mọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ni mo máa ń sọ fún àwọn òbí. Kíláàsì Calculus rẹ̀ àkọ́kọ́, ní 1978 sí 1979, ọmọ márùn-ún péré ló kù níbẹ̀ nígbà tí ọdún fi parí, méjì ló yege. Escalante kò jókòó sórí Calculus kó máa pariwo mọ́ wọn. Ìsàlẹ̀ ló padà lọ. Ó mú bí wọ́n ṣe ń kọ́ áljẹ́brà ní kíláàsì kékeré le sí i, ó ṣètò ẹ̀kọ́ ìgbà ìsinmi ní East Los Angeles College, ó ń kọ́ ilé náà láti ìpìlẹ̀. Nígbà tó fi di 1987, ọmọ 73 ló yege AB ní Garfield, 12 sì yege BC. Ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Tirẹ̀ kò wó nítorí kò fi itọ́ mọ ọ́n.

Èmi nìkan kọ́ ni mo rò bẹ́ẹ̀. Ní 2012, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ìṣirò háì sukúù, NCTM, àti ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ ìṣirò ní yunifásítì, MAA, jọ fọwọ́ sí ìwé kan. Ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ ni pé kì í ṣe kí ọmọ sáré parí Calculus kí ó tó jáde ni èrèdí ìṣirò ní háì sukúù, bí kò ṣe kí ìpìlẹ̀ rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ fún ohunkóhun tó bá fẹ́ lọ kọ́. Àwọn tó ń gba àwọn ọmọ wa ní yunifásítì ló sọ ọ́.

Ìdánwò ilé tí mo wí nìyí. Ẹ fún un ní bébà àti pẹ́ńsù, ẹ gba fóònù àti kalukulétọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ fún un ní 20 ìṣẹ́jú.

Èkíní: kí ó yọ 1/x kúrò nínú 1/(x+h), kí ó fi h pín ohun tó kù, kí ó sì tún un ṣe títí yóò fi kúrú. Ìdáhùn rẹ̀ ni −1/[x(x+h)]. Ọ̀sẹ̀ kìíní tàbí ìkejì nínú Calculus ni yóò pàdé nǹkan yìí. Bí ó bá kọ 1/(x+h) gẹ́gẹ́ bí 1/x + 1/h, ẹ ti rí ibi tí ìṣòro wà.

Èkejì: kí ó wá gbogbo x tó mú kí x³ dọ́gba pẹ̀lú 4x. Mẹ́ta ni wọ́n: 0, 2 àti −2. Ọ̀pọ̀ ọmọ á fi x pín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òfo á sì bá ibẹ̀ lọ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀.

Ẹ̀kẹta: kí ni sin(5π/6)? Ìdajì ni, 1/2. Kí ó sọ fún yín bí ó ṣe mọ̀ ọ́n, kí ó ya òbìrípo rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: kí ó tú ln(x²√y) palẹ̀, ká gbà pé x àti y ju òfo lọ. 2 ln x + ½ ln y ni.

Bí ó bá gba mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó kọ AB láìbẹ̀rù. Bí ó bá jẹ́ méjì, AB ṣì ni, ṣùgbọ́n ìsinmi yẹn ti ní iṣẹ́ nínú. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan tàbí kò sí rárá, Calculus lọ́dún yìí yóò fìyà jẹ ẹ́. Ẹ tún wo ohun kan tí kò ní máàkì: nígbà tí ọ̀nà dí mọ́ ọn, kí ló ṣe? Ṣé ó pa á rẹ́, tó gba ọ̀nà mìíràn, àbí ó kàn gbé pẹ́ńsù sílẹ̀, ó ń wojú yín? Ọmọ tó gba méjì péré àmọ́ tó fi gbogbo 20 ìṣẹ́jú bá a jìjàkadì, mo máa gbà á sínú kíláàsì mi kíákíá ju ẹni tó gba mẹ́ta lọ, tó sì fi ẹ̀kẹrin sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án.

Ẹ bá mi kí bàbá. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ẹni tó bá yege Further Maths ní WAEC ti ṣe ohun tó pọ̀ ju AB lọ: ó ti fọwọ́ kan differentiation àti integration, mátíríìsì, fẹ́tọ̀ (vectors), àti mechanics. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó rántí bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. Láti SS1 dé SS3 ni, pẹ̀lú General Maths lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ní ọdún mẹ́ta yẹn, wọ́n tún áljẹ́brà ṣe títí ọwọ́ fi mọ̀ ọ́n ju ojú lọ. Oṣù mẹ́sàn-án ni BC ní. Bí bàbá bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ dà bí òun nínú ìṣirò, ẹ̀bùn tó dára jù tó lè fún un ni kí ó jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ nígbà ìsinmi, kí wọ́n jọ ṣe áljẹ́brà. Kì í ṣe orúkọ BC.

Bóyá ipò ọmọ nínú kíláàsì ló wà lọ́kàn rẹ̀. Òbí Texas ni gbogbo wa, a mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Láti 1997 ni òfin ti sọ pé ọmọ tó bá wà nínú 10 nínú 100 tó ga jù ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti wọ yunifásítì ìjọba. UT Austin nìkan ló dín tirẹ̀ kù, 5 nínú 100 ni fún àwọn tó ń wọlé láti ìgbà ìkórè (fall) 2026. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ district ilé ẹ̀kọ́, gbogbo AP ló wúwo bákan náà nínú GPA, ìyẹn àròpín máàkì ọmọ. A nínú Statistics àti A nínú BC kò yàtọ̀ síra, C nínú BC ló máa fà á sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbà tí ó bá ń kọ̀wé sí yunifásítì ní ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì 12, ipò tó ti ní títí dé ìparí kíláàsì 11 ni wọ́n sábà máa ń lò. Ẹ bi kánsẹ́lọ̀ bí ti ilé ẹ̀kọ́ yín ṣe rí, kí ó fi ìwé rẹ̀ hàn yín.

Kánsẹ́lọ̀ náà kò ṣìnà. Bí ọmọ bá ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé wọn yóò béèrè Statistics lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kì í sì í sábà béèrè Calculus. Kọ́ọ̀sì náà dára fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá fún 50 ènìyàn ní oògùn tuntun, tí ara 31 yá, ṣé oògùn ló ṣe é àbí orí ire? Mélòó ló yẹ kí a yẹ̀ wò kí a tó lè sọ̀rọ̀? Kí ọmọ kọ ìdáhùn sílẹ̀ ní gbólóhùn tó já gaara, tó mẹ́nu ba oògùn àti àwọn aláìsàn, kì í ṣe nọ́ńbà nìkan. Ọmọ tó ń gba B nínú Precalculus tó sì mọ ìwé kọ máa ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé Statistics kò sí lójú ọ̀nà Calculus. Ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ni. Bí ọmọ bá ṣe é, tó wá yí ọkàn padà sí engineering, á dé yunifásítì láìtíì rí Calculus rí, placement test, ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ kíláàsì tó yẹ ọmọ tuntun, lè dá a padà sí Precalculus, physics tó sì ń dúró de Calculus á sún síwájú. Kì í ṣe ìparun. Ó lè gba sáà kan tàbí méjì lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú owó ilé ẹ̀kọ́. Nítorí pé kò tíì mọ èyí tó fẹ́ láàárín méjèèjì ni mo ṣe ní AB. AB á jẹ́ kí ilẹ̀kùn engineering ṣí sílẹ̀, kò sì ti ti nọ́ọ̀sì pa: ó ṣì lè ṣe Statistics ní yunifásítì. Bí àyè bá wà nínú táìmùtébù rẹ̀, ó tiẹ̀ lè ṣe méjèèjì pọ̀, nítorí ọ̀kan kò dúró de èkejì. Àmọ́ ẹ wo iye AP mìíràn tó ti kọ sílẹ̀ ná.

Dual credit ńkọ́? Ní HCC, MATH 2413 ni Calculus I, MATH 1342 ni Statistics, nọ́ńbà wọ̀nyí sì ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì ìjọba Texas fi ń mọ kọ́ọ̀sì ara wọn. Ọmọ tí ìdánwò ọjọ́ kan ṣoṣo máa ń dẹ́rù bà lè jẹ àǹfààní rẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni pé máàkì yẹn á wọ ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ títí ayé. Mo ti rí ọmọ tó gba C ní dual credit ní ọmọ ọdún 17, tó wá ń ṣàlàyé rẹ̀ nígbà tó ń wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, nítorí wọ́n ń ṣírò GPA àwọn kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀ yẹn gan-an. Máàkì AP tí kò dára, ọmọ lè má fi ránṣẹ́ síbì kankan. Yunifásítì aládàáni àti ti ìpínlẹ̀ mìíràn náà lè má gba dual credit. Fún AP, òfin kan tí Texas ṣe ní 2015 ní kí yunifásítì ìjọba máa fúnni ní krẹ́díìtì láti 3 lọ sókè, àyàfi bí wọ́n bá ní ẹ̀rí pé ó yẹ kí ó ga jù bẹ́ẹ̀. Níbòmíràn, oníkálukú ló ní tirẹ̀: MIT ń gba 5 nínú BC fún Calculus àkọ́kọ́ wọn, kò gba AB rárá.

Ẹ kọ AB sí ipò kìíní nínú fọ́ọ̀mù, kí ẹ kọ Statistics sí àyè àrọ́pò. Nígbà ìsinmi, 40 ìṣẹ́jú lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti tó: Khan Academy ní Algebra 2 àti Precalculus lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti ṣì nínú ìbéèrè mẹ́rin yẹn, kì í ṣe láti ojú ewé kìíní. Kí ó tó wọlé padà, ẹ tún ìdánwò náà fún un pẹ̀lú nọ́ńbà mìíràn. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló ń jẹ́ kí ọmọ pààrọ̀ kọ́ọ̀sì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sí ìkẹta. Ẹ béèrè ọjọ́ tó máa parí, ẹ kọ ọ́ sára fíríìjì. Ìdánwò oṣù Karùn-ún ń gba nǹkan bí 100 dọ́là, wọ́n sì ń dín in kù fún ìdílé tí owó kò tó.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ fọwọ́ kọ fọ́ọ̀mù náà, lẹ́yìn tó bá ti rí ohun tó gbà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ó bá ṣe ìbéèrè èkíní tán, ẹ ya fọ́tò iṣẹ́ rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kódà bí ó bá ṣì í. Níbi tó bá ti ṣì í ni n óò ti mọ ọ̀sẹ̀ tó yẹ kí ìsinmi rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.